Àbọ̀ Iṣẹ́: Nọ́ńbà tí Ètò Kọ̀ǹpútà Fi Ń Jábọ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìlá-Ọ̀ràngún, bí ìyá mi àgbà bá fẹ́ rán mi níṣẹ́, yóò tutọ́ sílẹ̀, yóò sì wí pé, "Kí itọ́ yìí tó gbẹ, kí o ti dé." Eré ni n óò sá lọ, eré ni n óò sá bọ̀. Ṣùgbọ́n bó ti wù kí ẹsẹ̀ mi yá tó, iṣẹ́ náà kò tí ì tán nígbà tí mo bá wọlé. Ó ku kí n jábọ̀. Mo rántí ọjọ́ kan tí ó rán mi sí ilé oníṣòwò kan lẹ́bàá ọjà pé kí ó gbé èlùbọ́ wá, tí mo bá ilẹ̀kùn ní títì, tí mo sì sáré padà. Mo ní, "Mo ti lọ o, Ìyá." Inú rẹ̀ dùn, ó gbé omi ka iná de èlùbọ́ tí kò ní dé. Irọ́ kọ́ ni mo pa: mo lọ, mo sì bọ̀. Ìyà tí mo jẹ ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ó kọ́ mi pé ọ̀tọ̀ ni kí iṣẹ́ parí, ọ̀tọ̀ ni kí iṣẹ́ yọrí.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé ìwé yìí sọ kò jìnnà sí èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Ìránṣẹ́ ni gbogbo ètò tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ náà. Ètò kan kì í ṣàdédé dìde. Ètò mìíràn ni ó máa ń rán an. Èyí tí ó ránni níṣẹ́ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní òbí, èyí tí a rán ni wọ́n ń pè ní ọmọ. Èmi kọ́ ni mo sọ wọ́n lórúkọ bẹ́ẹ̀, bí àwọn òyìnbó tí ó ṣe é ti ń pè é nìyẹn. Nígbà tí ọmọ bá dé òpin iṣẹ́ rẹ̀, yóò kú, yóò sì fi nọ́ńbà kan ṣoṣo sílẹ̀ fún òbí rẹ̀. Nọ́ńbà yìí ni òbí yóò wò kí ó tó mọ ohun tí ó kàn láti ṣe. Bí òbí kò bá wá gbà á, ẹ̀rọ kò ní pa orúkọ ọmọ náà rẹ́ kúrò nínú ìwé rẹ̀. Yóò fi í síbẹ̀ nítorí àbọ̀ tí kò tí ì dé ọwọ́ ẹni tí ó ni ín. Òkú tí ń rìn ni àwọn òyìnbó ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀. Àwa ìbá pè é ní àkúdàáyà. Ní tèmi, nọ́ńbà àbọ̀ ni n óò máa pe nọ́ńbà náà, nítorí n kò rí ọ̀rọ̀ Yorùbá mìíràn tí ó bá a mu tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà a máa wí pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Àbọ̀ inú òwe yìí kì í ṣe àbọ̀ iṣẹ́, ìlàjì ni. Ṣùgbọ́n òwe náà wúlò fún wa níhìn-ín, nítorí kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọmọlúwàbí. Ìlàjì ọ̀rọ̀ tí a bá sọ fún un, ìlàjì ni yóò máa jẹ́ nínú rẹ̀. Kò ní wo ojú ìránṣẹ́ kí ó rí i pé ojú náà rẹ̀wẹ̀sì. Nọ́ńbà ni yóò wò.

Báwo ni nọ́ńbà yìí ti pọ̀ tó? Lórí Unix, ètò ìṣàkóso tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1969 ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, àti lórí Linux àti àwọn mìíràn tí ó tẹ̀ lé àṣà rẹ̀, àyè mẹ́jọ péré ni a yọ̀ǹda fún àbọ̀ tí òbí sábà máa ń rí, àyè kọ̀ọ̀kan sì ń gba òdo tàbí ení. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀pẹ̀lẹ̀ yóò ti mọ iye tí èyí jẹ́ kí n tó wí i. Èso mẹ́jọ ni ó wà lára ọ̀pẹ̀lẹ̀, kọ̀ọ̀kan lè dojú dé, ó sì lè ṣí. Nítorí náà ni odù Ifá fi jẹ́ 256. Nọ́ńbà àbọ̀ pẹ̀lú jẹ́ 256, láti òdo títí dé 255. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tí yóò ti ibí yìí fò lọ sọ pé babaláwo ni ó kọ́kọ́ ṣe kọ̀ǹpútà. Èmi kò sí nínú wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Fágbàmílà ni a ń pe Ọ̀ràngún àkọ́kọ́ nílùú wa. Ìṣirò kan náà ni, ó tán. Ohun tí ó jọra ju iye lọ ni pé èso ọ̀pẹ̀lẹ̀ fúnra rẹ̀ kò sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó kọ́ Ifá ni ó mọ ohun tí ó wí. Nọ́ńbà kò ní ìtumọ̀ kankan nínú ara rẹ̀. Àdéhùn ni ó ń fún un ní ìtumọ̀.

Àwọn baba wa mọ èyí dájú nígbà tí wọ́n ń fi àrokò ránṣẹ́. Ní ọdún 1885, ìwé àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nípa àrokò, èyí tí Rẹ́fẹ́rẹ́ǹdì C. A. Gollmer kọ. Ó fi hàn pé owó ẹyọ méjì tí ó dojú kọ ara wọn ń sọ ti ìbátan àti ìpàdé, pé bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra wọn, ìyapa àti ọ̀tá ni. Gbogbo wa ni a sì mọ̀ pé ẹyọ mẹ́fà ń wí pé ọkàn mi fà sí ọ, nítorí ẹ̀fà ni. Pé ẹyọ mẹ́jọ ń wí pé ọ̀rọ̀ wa jọ, nítorí ẹ̀jọ ni. Ẹ fi ẹyọ mẹ́fà yìí ránṣẹ́ sí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, owó lásán ni yóò rí. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ Gollmer ni ẹyọ kan ṣoṣo: ó ní ìpèníjà àti ìkùnà ni ó ń sọ. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lónìí, ení ni nọ́ńbà tí ètò sábà fi ń wí pé òun kùnà.

Òdo ni ó ń wí pé iṣẹ́ yọrí. Èyí máa ń rú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lójú, nítorí lójú ènìyàn, òfo ni òdo, òfo kì í sì í ṣe ìròyìn ayọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ro ó wò. Bí a bá rán ọmọ ní omi tí ó sì pọn ọ́n dé, ta ni yóò bi í pé báwo ni omi ṣe dé inú ìkòkò? Bí kò bá pọn ọ́n dé ni ìbéèrè ń bẹ: ṣé odò gbẹ ni, ṣé ìkòkò fọ́ ni, ṣé ẹnu ọ̀nà ni ó ti ń ṣeré? Ọ̀nà kan ni àṣeyọrí ń gbà, ọ̀nà púpọ̀ ni ìkùnà ń gbà. Nítorí náà ni a fi fún àṣeyọrí ní nọ́ńbà kan, tí a sì fi 255 tí ó kù fún ìkùnà. Àdéhùn ni èyí pẹ̀lú, kì í ṣe òfin ìṣẹ̀dá. Lórí VMS, ètò ìṣàkóso tí ilé-iṣẹ́ Digital ṣe ní àwọn ọdún 1970, nọ́ńbà tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba ni ó ń sọ ti àṣeyọrí, èyí tí ó ṣeé pín dọ́gba ni ti ìkùnà. Ení tí ó jẹ́ ibi ní ilé kan, ire ni ní ilé kejì. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi òfin de èdè C ní ọdún 1989, wọ́n rí ewu yìí, wọ́n sì gbé orúkọ méjì kalẹ̀, EXIT_SUCCESS àti EXIT_FAILURE, kí olúkúlùkù ẹ̀rọ lè fi nọ́ńbà tirẹ̀ sí abẹ́ orúkọ náà. Ẹni tí ń kọ ètò yóò kọ orúkọ, ẹ̀rọ ni yóò wá nọ́ńbà.

Mo mọ gbogbo èyí nígbà tí mo ti òkè òkun dé pẹ̀lú oyè ọ̀mọ̀wé. Mo tilẹ̀ ń fi kọ́ni. Kò ní kí n má ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ní ìparí ọdún 2018, mo bẹ̀rẹ̀ sí gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Ìlá, ní Òkè-Ìlá, ní Ọ̀rà àti ní àwọn abúlé wọn. Oríkì orílẹ̀ ni mo ń wá, pàápàá èyí tí ó kan Ìlá àti Òkè-Ìlá pọ̀, nítorí ìlú méjèèjì ni ó ní Ọ̀ràngún tirẹ̀, àwọn méjèèjì ni ó sì ń tọ́ka sí Ìlá-Yàrà gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ti pínyà. Ohun tí a bá sọ ní ìhín, wọn a ní ohun tí wọn yóò fi kún un ní ọ̀hún, tàbí tí wọn yóò yọ kúrò. Ìdí nìyí tí a kò fi lè fi ohùn ẹnì kan dípò ohùn ẹlòmíràn. Ìyá àgbàlagbà kan wà ní Òkè-Ìlá tí ó lé ní ọgọ́rin ọdún, tí ó fún mi ní alẹ́ mẹ́ta gbáko. Kì í yára. Bí ó bá dé ibi orúkọ kan, yóò dúró, yóò bá mi sọ ẹni tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ àti ilé tí ó ti jáde, yóò sì padà sí ojú oríkì láìṣì í.

Káàdì kékeré tí ó wà nínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ mi kò lè gbà ju ohùn ọjọ́ mẹ́ta lọ. Nítorí náà mo kọ ètò kan tí n óò máa rán níṣẹ́ lóru. Ètò náà yóò rán tar kí ó kó gbogbo ohùn inú káàdì jọ. Tar yóò da ohun tí ó kó jọ sínú páìpù fún gzip. Gzip yóò fún un pọ̀ sórí dísìkì ńlá. Bí àbọ̀ bá jẹ́ òdo, ètò mi yóò pa ohun tí ó wà nínú káàdì rẹ́, kí àyè lè wà fún ọjọ́ kejì. Ẹ kíyè sí i pé mo gbọ́n tó láti wo nọ́ńbà àbọ̀ kí n tó pa nǹkan rẹ́. N kò gbọ́n tó láti bèèrè pé àbọ̀ ta ni.

Káàdì náà ti ń bàjẹ́, n kò mọ̀. Ní òru ọjọ́ kẹta, tar kà á dé ibì kan, ibẹ̀ kò sì ṣeé kà mọ́. Àṣà tar ni pé bí ó bá kan irú ìdíwọ́ bẹ́ẹ̀, yóò fi òdo dí àyè tí ó ṣẹ́ kù nínú fáìlì kí gígùn rẹ̀ má baà yí padà, yóò kọ ìkìlọ̀ sójú kọ̀ǹpútà, yóò máa bá iṣẹ́ lọ, nígbà tí ó bá sì parí yóò fi nọ́ńbà tí kì í ṣe òdo jábọ̀. Gbogbo èyí ni ó ṣe. Ìránṣẹ́ òtítọ́ ni tar. Ṣùgbọ́n nígbà tí ètò méjì bá wà lójú páìpù kan, àbọ̀ ẹni tí ó wà ní ìdí páìpù nìkan ni òbí máa ń gbà, bí a kò bá sọ fún un pé kí ó gba ti gbogbo wọn. Gzip ni ó wà ní ìdí páìpù. A gbé ẹrù fún un, ó di ẹrù náà dáadáa, òdo ni ó fi jábọ̀, òdo rẹ̀ sì jẹ́ òtítọ́. Ètò mi rí òdo, ó pa inú káàdì rẹ́. Mo ti ń sùn nígbà tí tar kọ ìkìlọ̀ rẹ̀.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀, nítorí gígùn àwọn fáìlì náà pé. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, mo jókòó láti da ohùn ìyá náà kọ. Alẹ́ kìíní pé. Ní alẹ́ kejì, ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ohùn rẹ̀ sì dúró láàárín ọ̀rọ̀, ìdákẹ́jẹ́ sì tẹ̀ lé e dé òpin. Nínú ohùn tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀, òdo ni ìdákẹ́jẹ́. Alẹ́ kẹta kò tilẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, òdo ni láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo fi tẹlifóònù pe Òkè-Ìlá pé mo ń bọ̀ wá bẹ̀ wọ́n kí ìyá tún un sọ fún mi. Wọ́n ní a ti sin ín.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ. Nínú bash, bí a bá kọ "set -o pipefail" sókè ètò, bí ẹnikẹ́ni lójú páìpù bá kùnà, páìpù náà kùnà. Ó ti wà nínú bash tipẹ́ kí n tó kọ ètò mi. Ní ọdún 2024 ni ìwé òfin POSIX sì gbà á wọlé fún gbogbo ayé Unix. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, n kò lè fi ìlà kan tẹ́ ara mi lọ́rùn mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí kó gbogbo àbọ̀ tí àwọn ètò ìwádìí wa ń lò sínú àkójọ kan, irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè yá lò nínú ètò tirẹ̀ bí ẹni yá odó lọ́wọ́ aládùúgbò, kí nọ́ńbà kan má baà máa jẹ́ ohun kan nínú ètò mi kí ó sì jẹ́ ohun mìíràn nínú ti akẹ́kọ̀ọ́ mi.

Irú ìdàrúdàpọ̀ yẹn kì í ṣe àbá lásán. A rán grep láti wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé: òdo ni yóò fi jábọ̀ bí ó bá rí i, ení bí kò bá rí i, èjì bí ìdíwọ́ bá dé bá a lẹ́nu iṣẹ́. A rán diff láti fi ìwé méjì wéra: òdo bí wọ́n bá bára mu, ení bí wọ́n bá yàtọ̀, èjì bí ìdíwọ́ bá dé. Nínú àwọn méjèèjì, ení kì í ṣe ìkùnà, ìdáhùn ni. Ẹni tí ó bá ka ení wọn sí ìkùnà yóò máa bá ìránṣẹ́ tí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ jà.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi orúkọ sí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa ni Eric Allman ní Yunifásítì California ní Berkeley, ẹni tí ó kọ sendmail, ètò tí ń gbé lẹ́tà kiri láti kọ̀ǹpútà dé kọ̀ǹpútà. Ohun tí ó mú un ṣe é kò ṣòro láti rí. Bí agbélẹ́tà bá padà tí ó wí pé òun kò rí lẹ́tà náà fi jíṣẹ́, ọ̀rọ̀ kò tí ì tán. Ṣé kò sí ẹni tí ń jẹ́ orúkọ yẹn ni? A ó dá lẹ́tà padà fún ẹni tí ó kọ ọ́. Àbí ẹni náà jáde lọ sí oko ni? A ó pa lẹ́tà mọ́, a ó tún lọ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó bá fi nọ́ńbà kan náà jábọ̀ fún méjèèjì yóò sọ lẹ́tà rere nù, tàbí kí ó máa gbé lẹ́tà òkú kiri láìdáwọ́ dúró. Láti inú irú iṣẹ́ yìí ni fáìlì sysexits.h ti jáde, tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 64 tí ó sì dé 78. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 64 ni, kí wọ́n má baà forí gbárí pẹ̀lú àwọn nọ́ńbà kéékèèké tí àwọn ètò mìíràn ti ń lò bí ó ti wù wọ́n. Ọ̀pọ̀ ètò ni kò tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n n kò rí èyí tí ó sàn jù ú lọ láti fi ṣe ìpìlẹ̀.

Nọ́ńbà Berkeley ni mo lò, orúkọ Yorùbá ni mo fi sí i. Èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni a jọ jókòó sọ ọ́ lórúkọ, kò sì sí ìjókòó kankan nínú ọdún náà tí ó gbóná tó èyí. Nọ́ńbà 64, tí ó ń wí pé ẹni tí ó rán ètò kò rán an bí ó ti yẹ, a pè é ní ÀṢÌRÁN, nítorí ẹ̀bi ẹni tí ó ránni ni. 65, tí ẹrù tí a gbé fún un ti bàjẹ́, a pè é ní ẸRÙ_BÀJẸ́. 66, tí kò bá ohun tí a ní kí ó lọ kà, ni ỌWỌ́_ÒFO. 77, tí kò ní àṣẹ láti wọ ibi tí a rán an, ni ÈÈWỌ̀. Ẹnì kan ní orúkọ náà ti le jù, ṣùgbọ́n ó dúró. 75, tí ó ń wí pé ìdíwọ́ náà yóò kọjá, kí a tún un rán, ni PADÀ_WÁ, orúkọ tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn.

Lórí òdo ni a ti jiyàn jù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ kí a pè é ní Ó_PARÍ. Mo kọ̀. Gbogbo ètò ni ó ń parí, àti èyí tí ó ṣe dáadáa àti èyí tí ó ba nǹkan jẹ́. Iṣẹ́ gzip parí ní òru ọjọ́ náà ní Òkè-Ìlá. Ó_YỌRÍ ni a fi sí i, a sì kọ àlàyé sí abẹ́ rẹ̀ pé ètò kò gbọdọ̀ fi í jábọ̀ nítorí pé ó dé ìlà ìkẹyìn. Àfi bí ó bá ti wò ó tí ó sì rí i pé ohun tí a rán an ti ṣe.

Èdè Python ni a fi kọ àkójọ náà. Python 3 gbà kí a fi àmì ohùn àti ìsàlẹ̀ ẹ̀là sí orúkọ, èyí sì ṣe pàtàkì fún wa, nítorí bí a bá bọ́ àmì kúrò lára OFO, ta ni yóò mọ̀ bóyá òfo ni, tàbí ọ̀fọ̀ tí ó ń ṣẹ̀, tàbí ọfọ̀ tí à ń pè? Ẹni tí ó bá ti fi kọ̀ǹpútà tẹ Yorùbá rí mọ ìyọnu mìíràn: lẹ́tà kan náà tí ó ní àmì lè ní ọ̀nà méjì tí a fi ń tò ó pa mọ́, ojú kò lè dá wọn mọ̀, ẹ̀rọ ni yóò máa wí pé wọn kì í ṣe ọ̀kan. Nínú orúkọ, Python máa ń sọ ọ̀nà méjèèjì di ọ̀kan kí ó tó fi wọ́n wéra.

Ohun méjì ni a kà léèwọ̀ nínú àkójọ náà. Èkíní ni pé kí ètò fi iye àṣìṣe tí ó rí ṣe nọ́ńbà àbọ̀. Ó dà bí ọgbọ́n: àṣìṣe mẹ́ta, ó fi ẹ̀ta jábọ̀. Ṣùgbọ́n àyè mẹ́jọ náà kò gbà ju 255 lọ. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, yóò yí padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ètò tí ó bá rí àṣìṣe 256 yóò fi òdo jábọ̀, a ó sì máa yọ̀ lórí ìparun. Èkejì ni pé kí ètò fúnra rẹ̀ fi nọ́ńbà tí ó ju 128 lọ jábọ̀, nítorí àwọn wọ̀nyẹn jẹ́ ti ìránṣẹ́ tí kò padà. Bí a bá pa ètò lójú ọ̀nà, kò lè jábọ̀ mọ́. Ètò ìṣàkóso ni yóò ròyìn ikú rẹ̀, shell yóò sì fi nọ́ńbà ohun tí ó pa á kún 128. Ẹni tí ó bá rí 137 ti mọ̀ pé ohun kẹsàn-án ni ó pa á, èyí tí ètò kankan kò lè yẹ̀. Ti itọ́ ìyá mi àgbà pàápàá ní nọ́ńbà: àṣẹ kan tí ń jẹ́ timeout lè fún ètò ní àkókò, bí itọ́ bá sì gbẹ kí ó tó dé, 124 ni timeout yóò fi jábọ̀.

Ètò tí ń kó ohùn pamọ́ kò jọ ti àtijọ́ mọ́. Lẹ́yìn tí ó bá ti kó ohùn sórí dísìkì, yóò tú u, yóò fi wé ti inú káàdì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n kò bá sì bára mu, ẸRÙ_BÀJẸ́ ni yóò fi jábọ̀, kò sì ní pa ohunkóhun rẹ́.

Ó ku àbọ̀ kan tí èmi fúnra mi gbọ́dọ̀ jẹ́. Mo lọ sí Òkè-Ìlá, mo dọ̀bálẹ̀ fún ọmọbìnrin ìyá náà, mo sì sọ fún un pé alẹ́ kan àti ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni ó kù lọ́wọ́ mi nínú alẹ́ mẹ́ta. Mo ti gbìyànjú láti ṣe àlàyé káàdì àti páìpù. Ó ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀, kí n jẹ́ kí òun gbọ́. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo tan ẹ̀rọ sí alẹ́ kejì. Nígbà tí ohùn náà dúró, mo na ọwọ́ láti pa á. Ó ní kí n fi í sílẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo ìdákẹ́jẹ́ náà títí ẹ̀rọ fi dúró fúnra rẹ̀, ó sì bi mí pé ọ̀rọ̀ wo ni ìyá òun dé kí ó tó dákẹ́. Mo sọ ọ́ fún un. Ó mọ ìlà tí ó tẹ̀ lé e, ó sì kì í.